Wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́ ní Guangzhou ní Ṣáínà: ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, báwo lẹ ṣe ń gbé e?

ỌmọÌgbógbò:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Ìgbógbò ni mí, ní Ìkòròdú níbí. Ó di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bá àwọn ará Ṣáínà ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Odóńgunyàn. Èmi ni mo ń bá wọn dá oníbàárà lóhùn, èmi náà ni mo ń ka ẹrù tó bá ń jáde ní géètì. Ọ̀gá wa wá sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹbí òun kan ní ilé iṣẹ́ ní Guangzhou, ó ń wá ẹni tí á máa bá àwọn oníbàárà Áfíríkà sọ̀rọ̀, tí á sì máa yẹ ọjà wọn wò kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀ǹténà. Owó oṣù, 12,000 yuan. Èmi ni màá wá ilé fúnra mi.

Ohun tó kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi físà onísòwò wọlé, pé tí mo bá ti dé ọ̀hún, àwọn á bá mi yí i padà sí ti iṣẹ́. Ìyá mi ti ń sunkún láti ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ lọ máa jẹ ejò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tí n kò bá lọ, kí n fún òun níṣẹ́ náà, ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan Sẹ̀mẹ̀ rí.

Owó kọ́ ni mo fẹ́ bi yín. Mo fẹ́ mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, kí lẹ máa ń ṣe? Níbo lẹ ti ń ra ata? Ta lẹ ń bá ṣeré? Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ní dìgírì, Mùsùlùmí ni mí, n kò tíì lọ́kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti gbé ibẹ̀ ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀bútè:

Èmi wo fídíò ni, ṣùgbọ́n màá sọ̀rọ̀. Àwọn ará Ṣáínà tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ní Ẹ̀bútè, wọn kì í wo èyí tó bá ti kú. Àfi èyí tó bá ṣì ń na ìrù. Ẹni tó mọ ẹja rà tó báyẹn kò lè fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n nu ojú nù.

Ará_Sanyuanli:

Àbúrò, káàsán o. Ìkòròdú ni wọ́n bí èmi náà sí, ẹ̀yìn Ṣàbó ni ilé wa. Mo ti wà ní Guangzhou láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé iṣẹ́ akẹ́rùránṣẹ́ ni mo wà. Òní Sátidé ni, òjò sì ti há mi mọ́lé, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí.

Kí n tó dé orí ata, ẹ jẹ́ ká yanjú físà yẹn ná. Má fi físà onísòwò lọ ṣiṣẹ́. Mo tún un sọ: MÁ ṢE É. Físà M ni wọ́n ń pè é, ti ẹni tó wá ra ọjà tó máa padà sílé ni. Ti iṣẹ́ ni Z. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ilé iṣẹ́ tó wà lọ́hùn-ún ló máa kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ fún ọ, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ á wá mú un lọ béèrè Z nílé. Tí o bá ti wọlé, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni wàá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá lọ gba ìwé àṣẹ láti gbé ìlú. Wọ́n máa béèrè dìgírì, ẹ̀rí pé o ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, àti ìwé ọlọ́pàá pé o kò lẹ́jọ́ lọ́rùn. O ní gbogbo rẹ̀! Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú ọ wọlé? Nítorí ti iwájú ń ná wọn lówó àti àkókò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé, owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 yuan, ó lè tó 20,000. Tó bá wá le, àtìmọ́lé ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà níbẹ̀, wọ́n sì lè dá èèyàn padà sílé. Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n mú wá bí wọ́n ṣe fẹ́ mú ọ wá yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wọ ọ́fíìsì wọn, ọ̀gá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ gbé e ní pápákọ̀ òfurufú ló sọ pé oníbàárà ni, pé ó kàn yà kí àwọn ni. Ó ń sọ ọ́ lójú obìnrin náà. Orí àga rẹ̀ ló ṣì jókòó sí, ife tíì rẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Ó tán.

Ohun kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó wá nìyí: tí o bá dé ìlú yìí, wàá padà di ọmọ kékeré. Ọmọ ọdún 29 ni mí nígbà náà, mo ti ń dá gbọ́ bùkátà ara mi, mo lè bá agbèrò Máìlì 12 jà kí n sì borí. Mo dé Guangzhou, mi ò lè dá ra iyọ̀. Mo wo ògiri iyọ̀ nílé ìtajà títí, mo gbé ọ̀kan, mo fi se ọbẹ̀. Ṣúgà ni.

Fóònù ló máa di ìyá àti bàbá rẹ. Òun ni wàá fi sanwó, òun ni wàá fi wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, òun ni wàá fi ya nǹkan tí wọ́n kọ kí ó lè túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. WeChat àti Alipay, áàpù orí fóònù, ni gbogbo ayé ń ná. Ìyá tó ń ta ànàmọ́ sísun lẹ́bàá ọ̀nà, kóòdù tí èèyàn máa fi fóònù yà kó tó sanwó ló gbé kọ́ ọrùn. Láti ọdún 2023 wọ́n ti jẹ́ kí àlejò lè so káàdì báǹkì ìlú òkèèrè mọ́ ọn, ó ti rọrùn ju ti àwa lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Oṣù kẹwàá ni, ìgbà ọjà àgbáyé tí wọ́n ń ná ní Pazhou lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, èyí tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1957. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ mú oníbàárà kiri. Ó di aago mẹ́wàá alẹ́, òjò ń rọ̀, bátìrì mi ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, kí n tó ṣẹ́jú, ó kú. Kò sí owó nínú àpò mi, kò sí máàpù, mi ò mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń yá páwà báǹkì sí. Inú mi dùn! Mo dé iwájú rẹ̀: àfi kí n fi fóònù ya kóòdù kó tó lè yá mi ní nǹkan tí màá fi tan fóònù. Mo dúró níbẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọmọkùnrin tó ń ta ọjà níbẹ̀, kò lè ju ogún ọdún lọ, ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ó fa àga kan jáde, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ iná, ó sì bu omi gbígbóná sí ife bébà fún mi. Omi gbígbóná lásán o, kò sí tíì nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń wo gbogbo àìsàn níbí nìyẹn, títí kan ìbànújẹ́. Láti ọjọ́ náà ni 100 yuan ti wà lẹ́yìn fóònù mi, nínú àpò rẹ̀.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún: tí o bá dé inú ilé tí kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, láàárín rẹ̀ ni kí o lọ forúkọ ibi tí o ń gbé sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò. Tí o bá kó lọ sílé mìíràn, o tún máa lọ. Mú páṣípọ́ọ̀tù àti ìwé ilé dání, kí o sì máa mú páṣípọ́ọ̀tù yẹn káàkiri, òfin ni. Tí o bá gbàgbé, ìkìlọ̀ ni o, ó sì lè di owó ìtanràn. Ti ilé náà ńkọ́? Owó ìdúró oṣù méjì pẹ̀lú owó ilé oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń gbà ní Guangzhou. Yàrá mi, 2,600 yuan lóṣù ni, ní Baiyun.

Àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà, a rò pé a mọ ọ̀rinrin. Irọ́ ni. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, afẹ́fẹ́ olómi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ á gba ọ̀nà òkun wá láti gúúsù, á kan ògiri tí òtútù ti mú gbogbo ìgbà ọyẹ́ wọn. Ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ilẹ̀ á tutù bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán. Huinantian ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣé ọmọ Ìkòròdú ni mí, mo ṣí gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń pe omi wọlé! Ìyá ilé kejì wá pa á dé fún mi, ó ń bá mi wí bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ wí. Nígbà tí mo ṣí àpótí mi, aṣọ òkè tí ìyá mi dì fún mi ti bu, ewéko aláwọ̀ eérú ti hù lára gèlè. Ra ẹ̀rọ tó ń fa omi inú yàrá. Àpò ike ni kí o fi di aṣọ òkè tìrẹ.

Ọjà wá kù. Ọjà àárọ̀ ni kí o máa lọ, má lọ sílé ìtajà ńlá. Ẹja ń wẹ̀ nínú agbada, ẹ óò gbọ́ra yé, ìwọ àti Ẹlẹ́ja. Jin ni wọ́n fi ń wọ̀n, ìdajì kílò ni jin kan. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà dé mẹ́wàá: àtàńpàkò àti ọmọńdinrín ni mẹ́fà, àtàńpàkò àti ìfábẹ̀lá bí ìbọn ni mẹ́jọ. Ọkùnrin kan na ìbọn sí mi lórí ẹ̀fọ́, mo fẹ́ sá. Yuan mẹ́jọ ló ń wí. Ìyá tí mo ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń pè mí ní *leng nui*, arẹwà ọmọ. Mo gbéra ga títí mo fi gbọ́ tó pe ìyá arúgbó kan tí kò léyín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, tí mo bá ti sanwó tán, á fa àlùbọ́sà eléwé méjì mẹ́ta, á jù ú sínú àpò mi, kò ní gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró gbagidi láàárín ọjà. Ẹ̀ní ni! Ẹ̀ní ni obìnrin yẹn ṣe fún mi. Mo padà sílé mo pe ìyá mi, mo ní Màmá, wọ́n ń ṣẹ̀ní níbí.

ỌmọÌgbógbò:

Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti iyọ̀ yẹn fún ìyá mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí wọ́n rín láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ẹ dákun, ìbéèrè méjì. Mo gbọ́ èdè wọn díẹ̀, èyí tí mo kọ́ ní Odóńgunyàn, ṣé ó wúlò? Èkejì, ìkọ́kọrẹ́. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ará_Sanyuanli:

Ta ló máa fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?

Èdè ná. Ó wúlò gan-an, ọmọ Yorùbá sì ti ní ohun tí òyìnbó ń sanwó lọ kọ́, etí. Ohùn mẹ́rin ni Mandarin, èdè àjùmọ̀lò Ṣáínà, ní. *Mǎi*, ó rà á. *Mài*, ó tà á. Ohùn nìkan ló yà wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Àwọn òyìnbó tí a jọ kọ́ ọ ń ra ohun tó yẹ kí wọ́n tà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọjà, Cantonese, èdè ìbílẹ̀ ibí, ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, ìyẹn tún ní ohùn mẹ́fà. Rọra.

Ìkọ́kọrẹ́: má ra iṣu tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n ń pè ní shanyao. Mo ra á. Mo bó o, ọwọ́ mi yún mí dé ìgbúnwọ́, nígbà tí mo rín in tán, ó ń fà bí ilá. Béèrè *da shu*. Ewùrà wa gan-an ni, wọ́n ń gbìn ín ní ìpínlẹ̀ Guangdong níbí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ elésè àlùkò nínú. Nítorí náà, ìkọ́kọrẹ́ mi máa ń rí bí aró. Epo pupa ń bẹ ní Xiaobei àti Sanyuanli, àdúgbò tí àwa ará Áfíríkà pọ̀ sí, ẹja gbígbẹ ń bẹ, ọ̀wọ́n ni. Tí o bá sé ojú rẹ, Ìkòròdú lo wà. Má ṣí i títí wàá fi jẹun tán.

Alfa_Ṣàbó:

As-salaamu alaykum, arábìnrin mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó ọjà níbẹ̀. Ní ti ẹ̀sìn, kó o fọkàn balẹ̀. Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Xianxian, nítòsí ọgbà Yuexiu, èrò á kún dé ìta, wàá rí ará Málì, ará Yemen, àwọn ọmọ Ṣáínà Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Hui, Yorùbá náà ò gbẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrun, ẹran àgùntàn sísun lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ halal. Huaisheng náà wà, ara àwọn mọ́ṣáláṣí tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo Ṣáínà ni.

Oúnjẹ ni kó o ṣọ́ra fún. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ohun tí o kò rò, wọ́n lè fi ọ̀rá rẹ̀ din ẹ̀fọ́. Tó o bá ní o kì í jẹ ẹran, wọ́n á yọ ẹran inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á gbé ọbẹ̀ rẹ̀ wá. Kọ́ bí 清真, halal lèdè wọn, ṣe rí lójú, ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Ilé tó bá gbé e kọ́, wọlé, bu omi ọbẹ̀ màlúù àti núdù tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà lójú rẹ jẹ.

Mo_ti_padà_sílé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ jẹ́ kí èmi bu omi tútù sí i díẹ̀. Ìdí ọkọ̀ Agric ni mo ti ń ta ẹ̀yà fóònù báyìí, ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Guangzhou. Oṣù kẹrin ọdún 2020, lásìkò Kòrónà, onílé mi ní kí n jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti san owó ilé oṣù náà. Ìwé mi pé, mi ò ṣàìsàn, mi ò rìnrìn àjò. Òru méjì ni mo sùn sábẹ́ afárá, òtẹ́ẹ̀lì ò gbà mí. Èmi nìkan kọ́, gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí rò pé ẹ̀ní àlùbọ́sà ni gbogbo rẹ̀.

Títí di òní pàápàá, wàá pe nọ́ńbà ilé, wọ́n á ní ó ṣófo. Kí o débẹ̀, wọ́n rí ojú rẹ, ẹnì kan ti gbà á.

Ará_Sanyuanli:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Èmi náà, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tì mí mọ́lé lóṣù yẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò kúrò ní Guangzhou láti ọdún tó ṣáájú. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn mi tó máa ń dún tí mo bá ṣí i. Ìyá ilé kejì tí mo sọ, ẹni tó pa fèrèsé mi dé, kò kí mi fún oṣù méjì gbáko. Lọ́jọ́ kan ó tún gbé ọsàn wá, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà á. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo darí jì í, ṣùgbọ́n mo jẹ ọsàn náà.

Ti ilé, òótọ́ ni. Mo pe ilé mọ́kànlá kí n tó rí èyí tí mo wà. Ní báyìí mo máa ń sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, kí wọ́n kọ̀ mí lórí fóònù, kí n má baà san owó ọkọ̀ lọ gba ìkọ̀sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù kò tilẹ̀ kan àwọn ará Ṣáínà. Wákàtí méje la fi ṣáájú yín. Tí ìyá mi bá kírun alẹ́ tán, tí ọkàn wọn wá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ibi tí mo wà ti di aago mẹ́ta òru. WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ níbí láìjẹ́ pé èèyàn lo VPN, áàpù tí wọ́n fi ń fo ìdènà íńtánẹ́ẹ̀tì, Facebook àti Google náà ò ṣí. Nítorí náà mo ti fi WeChat, tí a tún fi ń pe ara wa, sórí fóònù wọn kí n tó padà wá lọ́dún kan, mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn. Bó o bá ń lọ, ṣe é fún Màmá kó o tó kúrò nílé, má dúró dìgbà tó o bá dé ọ̀hún, torí wọ́n lè ní kí ẹlòmíràn tó ti wà lórí rẹ̀ jẹ́rìí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀bútè:

Ó jẹ ọsàn náà. Hmm.

ỌmọÌgbógbò:

Ẹ ṣé, gbogbo yín, títí kan Bọ̀ọ̀dá Agric. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ yìí. Mo ní Z ni màá fi wá, tí wọn kò bá lè gba ìwé àṣẹ fún mi láti ọ̀hún, kí wọ́n jẹ́ kí n máa ka ike mi lọ ní Odóńgunyàn. Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì. Ọ̀gá wa ló pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ta ló kọ́ mi ní Z. Mo ní àwọn ará ilé mi ni.

Ìyá mi ní kí n fi WeChat yẹn sórí fóònù àwọn. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ti gbà, àwọn kàn fẹ́ wò ó ni.